Ògiri Tí A Wọ̀ Láṣọ: Ìtàn Ooru àti Ọ̀rinrin Inú Ilé láti Ifọ̀ dé Mowé

Kò ní ṣàì ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí ó ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ ògiri, bí ògiri ṣe ń gbóná àti bí ó ṣe ń bu. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé àti àwọn bíríkìlà ni ọ̀rọ̀ yìí jọ. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mo wá sọ, ìtàn náà sì ti wà nínú èdè wa kí ó tó wà nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kì í sọ pé òun ń ṣe ògiri amọ̀. Mímọ ni à ń mọ ọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni ìyá alámọ̀ ń lò nídìí ìkòkò, kò sì ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àtẹni tí ń mọ ìkòkò àtẹni tí ń mọ ògiri, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣọ́: bí omi yóò ṣe jáde kúrò lára amọ̀ láìsí pé amọ̀ là. Ọ̀rọ̀-ìṣe kejì ni rẹ́. Bí ògiri bá ti dúró, rírẹ́ ni a ń rẹ́ ẹ. Láyé àtijọ́, amọ̀ kíkúnná ni a fi ń rẹ́ ẹ, ẹlòmíràn a sì po ẹlẹ́bọ́tọ mọ́ ọn kí ó lè dì. Lónìí, bí ẹnìkan bá wí pé òun ti rẹ́ ilé òun, sìmẹ́ǹtì ni ó ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ohun tí a fi ń rẹ́ ilé ni ó yí padà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà tí mo fẹ́ sọ ti gbà wọlé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ògiri ní abúlé àti abà ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti Abẹ́òkúta títí dé Ifọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ náà. Wọn a wa ilẹ̀ pupa nítòsí ilé, wọn a bu omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ a gùn ún ní ẹsẹ̀ títí yóò fi dọ́gba, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó sùn, wọn a tún padà wá gùn ún. Lẹ́yìn náà ni wọn ó sù ú ní ìṣù-ìṣù, wọn ó máa jù ú sókè sí ọ̀gá tí ń mọ ọ́n. Ìpele kan ṣoṣo ni wọn ó mọ yí ilé ká, wọn ó sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú gbé ìpele kẹta lé èkejì tí kò tíì gbẹ, ilé rẹ̀ a wó lé e lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé sùúrù yìí, ìyẹn dídúró de omi kí ó jáde, ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé.

Lórí ògiri yìí ni wọ́n ń fi koríko bẹẹrẹ bò, tàbí ewé gbódògì níbi tí igbó bá ti ṣú. Etí òrùlé a sì gùn sílẹ̀ kọjá ògiri, débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kí ó tó lè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àlejò òyìnbó kan rò pé àìmọ̀ ni ó fà á tí òrùlé fi relẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀. Òjò kò gbọdọ̀ kan ògiri, oòrùn ọ̀sán kò sì gbọdọ̀ rí i. Nínú ìyẹ̀wù, wọ́n a tún ṣe àjà: igi ni wọ́n ń tò, wọ́n a sì fi amọ̀ bò ó. Àjà yìí ni ó ń dá ooru òrùlé dúró, òun náà ni kì í jẹ́ kí iná òrùlé já lu ẹni tí ó sùn. Èéfín ìdáná a máa gba inú koríko jáde, a sì máa gbẹ gbogbo ibi tí ó bá kàn.

Nítorí pé ògiri náà nípọn, ooru tí ó bá wọ̀ ọ́ lára ní ọ̀sán kì í tètè dé inú. Nígbà tí yóò fi dé, ilẹ̀ ti ṣú, atẹ́gùn òru sì ti dé láti gbé e lọ. Nítorí pé amọ̀ sì ni, ó ń mu nínú omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ìgbà òjò, ó sì ń dá a padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ilé-kíkọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ń wá lónìí fún ilé àtijọ́ wọn nìyẹn, ìyẹn ohun tí yóò dá ooru dúró tí kò sì ní há omi mọ́ inú ògiri.

N kò wá yin ilé amọ̀ ní àyìnjù o. Ó ṣókùnkùn. Ikán fẹ́ràn rẹ̀. Iná kan ṣoṣo lè jó àdúgbò kan tán ní ọjọ́ ọyẹ́. Lọ́dọọdún ni iṣẹ́ rírẹ́ náà sì ń padà wá, ẹ̀yìn àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ni ó sì ń já lé. Ẹni tí ó bá wí pé àwọn baba wa ya òpè nígbà tí wọ́n fẹ́ nǹkan mìíràn, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì gun amọ̀ rí.

Nǹkan mìíràn náà ti ojú irin wá. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó, ó gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ifọ̀ di oríta ojú irin nígbà tí wọ́n la ẹ̀ka rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìláròó. Ohun tí ó ń lọ sí Èkó ni kòkó, ẹ̀kùrọ́ àti epo. Ohun tí ó ń bọ̀ láti Èkó, páànù wà lára rẹ̀. Ní Èkó fúnra rẹ̀, àwọn Agùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá ti fi hàn pé ilé lè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gíga àti òdòdó lára ògiri. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, tí João Baptista da Costa sì jẹ́ ọ̀gá àwọn tí ó kọ́ ọ, ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Gbogbo ẹni tí ó bá rí ilé bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ ní i.

Páànù kì í jó, kì í jẹrà kíákíá, kò sì ń fẹ́ ìtúnṣe lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, nítorí náà ni ẹni tí ó rà á kò fi jẹ́ kí ó gùn kọjá ògiri púpọ̀. Etí òrùlé kúrú. Òjò tí kì í kan ògiri tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nà án láti ẹ̀gbẹ́, omi tí ó sì ń já bọ́ láti orí páànù ń ta padà láti ilẹ̀ sí ìdí ògiri. Bákan náà ni páànù ń gbóná ní ọ̀sán bí agbada. Àjà amọ̀ kò sì sí mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, nítorí pé iná òrùlé tí ó mú wọn ṣe é tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Báyìí ni ìṣòro méjì wọlé lọ́jọ́ kan náà: ooru láti òkè, omi láti ìsàlẹ̀.

Oògùn tí a rí fún omi ìsàlẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì. Kò sì sí ibi tí ó ti sún mọ́ ènìyàn tó agbègbè tí mo ń sọ yìí. Òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Ewékorò, ẹ̀bá Ifọ̀ gan-an. Ní 1960, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ti Nkalagu bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn, ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti Ṣàgámù tẹ̀lé e ní 1978. Èérú funfun láti ibẹ̀ ń bà lé ewé, kò sì pẹ́ tí ó fi bà lé ìrònú wa náà: ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá ní sìmẹ́ǹtì lára, a kà á sí ẹni tí kò tíì kọ́lé.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Ìjọba Ọ̀gágun Gowon pàṣẹ sìmẹ́ǹtì tí ó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti ilẹ̀ òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni agbára èbúté Èkó láti sọ sìmẹ́ǹtì kalẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí etíkun, tí wọ́n ń dúró. Ọ̀rinrin òkun mú kí púpọ̀ nínú sìmẹ́ǹtì náà di òkúta sínú àpò. N kò mọ̀ bóyá ẹ rí ẹ̀rín inú ọ̀rọ̀ yìí bí mo ti rí i: ohun tí a rà láti fi ti ọ̀rinrin mọ́ ìta, ọ̀rinrin ti bà á jẹ́ kí ó tó gúnlẹ̀.

Ilé baba-ńlá mi wà ní abúlé kan nítòsí Ifọ̀. Ní 1977, nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹbí dáwó jọ, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà tinú tòde. Ó dán, gbogbo abúlé wá wò ó. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ògiri náà ti sán ní ìlà tín-ín-rín láti ìdí fèrèsé wá sílẹ̀. Ìyẹ̀wù ìyá wa àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí a ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Àpótí aṣọ rẹ̀ tí ó fara ti ògiri bu láti ẹ̀yìn, àmì dúdú tò sára aṣọ òkè rẹ̀ bí èérún èédú. Bí o bá fi ìka kan ògiri, ó dún gbùúgbùú bí igbá tí ó ṣófo. Ní ìgbà òjò kan, odindi awẹ́ sìmẹ́ǹtì ṣí kúrò lára ògiri, ó sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tútù lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà wí pé, “Wọ́n ti wọ ògiri láṣọ, kò sì lè làágùn mọ́.” N kò tíì rí ìwé tí ó sọ ọ́ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Amọ̀ a máa wú díẹ̀ bí ó bá mu omi, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a lọ. Nítorí náà ni sìmẹ́ǹtì fi ń sán, òjò a sì gba ojú sísán náà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tí omi gbà wọlé wẹ́rẹ́ yìí kéré jù fún un láti gbà jáde. Omi tí ń ti inú ilẹ̀ gun ògiri bọ̀ náà, tí ó máa ń gbẹ lára amọ̀ ní ìdí ilé tẹ́lẹ̀, kò rí ibi gbà jáde mọ́, ó wá ń gun òkè sí i. Bíbu ni ó sì tẹ̀lé e. Bíbu kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ohun abẹ̀mí ni, ẹbí olú ni. Irúgbìn rẹ̀ tí ojú kò rí wà nínú afẹ́fẹ́ gbogbo ilé, omi nìkan ni ó ń dúró dè.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀ṣì amọ̀ àtijọ́ kan wà ní Ranchos de Taos, San Francisco de Asís ni orúkọ rẹ̀. Ní 1967 wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí àwọn ọmọ ìjọ lè sinmi iṣẹ́ ọdọọdún. Omi há sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nígbà tí ó sì di 1979 wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n padà sí amọ̀. Títí di òní, àwọn ọmọ ìjọ náà ni ń rẹ́ ẹ. Ní Djenné ní ilẹ̀ Mali, mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n parí ní 1907 kò kúrò lọ́wọ́ amọ̀ rárá. Gbogbo ìlú ni ó ń jáde lọ́dún láti rẹ́ ẹ, ọdún ńlá ni wọ́n sì fi ń ṣe.

Mo gbọ́dọ̀ wá kúrò ní Ifọ̀ báyìí kí n gba ọ̀nà Mowé. Mowé àti Ìbàfò, abúlé kékeré ni wọ́n ní ilẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé kí wọ́n tó ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Lẹ́yìn náà ni Èkó kún àkúnya, tí àwọn tí kò lè san owó ilé níbẹ̀ mọ́ ń wá ra ilẹ̀ sí ojú ọ̀nà náà. Ilé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń kọ́, onínṣì 9 tàbí onínṣì 6, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lórí ilẹ̀ àbàtà. Ẹ ó gbọ́ kí wọ́n máa wí pé ilé lágbájá ti dé DPC. Orúkọ ohun tí í dá omi ilẹ̀ dúró kí ó má gun ògiri ni àwọn lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti dúró níbi ilé tí ó “dé DPC” tí n kò rí nǹkan kan láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, àní ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ pàápàá kò sí níbẹ̀. Orúkọ ṣẹ́kù, ohun tí a sọ lórúkọ ti lọ. Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ni ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ wo àpẹẹrẹ.

Ilé tí a kọ́ síbẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn ti di ilé àtijọ́ báyìí. Búlọ́ọ̀kù tí ó fẹ́lẹ́ kì í dá ooru dúró tó amọ̀, ìdí rẹ̀ sì ń rin. Kí ni onílé ń ṣe? Ó ń wọ ògiri láṣọ láti inú. Àwọn kan ń lẹ táìlì mọ́ ọn, àwọn kan ń fi pákó PVC bò ó, àwọn mìíràn a ṣe screeding, wọ́n a sì fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá kùn ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Fún ọdún kan, ó rẹwà. Ní ọdún kejì, bí ẹ bá ṣí pákó kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu dúdú.

Ẹ wo ìgò ohun mímu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú ẹ̀rọ amómitutù. Ó ń làágùn. Omi náà kò ti inú ìgò jáde. Inú afẹ́fẹ́ ni ó wà, ara ìgò tí ó tutù ni ó sọ ọ́ di omi. Ní agbègbè wa ní ìgbà òjò, ohunkóhun tí ó bá tutù ju nǹkan bí ìwọ̀n 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ ni ìrì lè sẹ̀ sí lára. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí 18 ti sọ ògiri rẹ̀ di ìgò. Afẹ́fẹ́ olómi láti ìta ń wọ inú ògiri bọ̀, ó kan ẹ̀yìn PVC tí ó tutù, kò rí ọ̀nà kọjá, ó sì di omi níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà yí padà bìrí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ilé bíríkì àtijọ́ ní Peckham mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀, inú ni ó móoru, ìta ni ó tutù, omi láti ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ ni ó sì ń wá ọ̀nà jáde. Bí wọ́n bá fi ohun adáàbò-ooru bo inú ògiri tí wọn kò ṣe é dáadáa, bíríkì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìrì a sì sẹ̀ sí àárín méjèèjì. Nítorí náà ni ìwé ìtọ́ni wọn fi ń wí pé kí a ta ohun tí kì í jẹ́ kí omi kọjá sí apá inú. Bí ẹ bá gbé ìtọ́ni yẹn wá sí Mowé sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, òdìkejì ohun tí ẹ fẹ́ ni ẹ ó rí. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti gbé e wá bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ilé nìkan ni èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìtọ́ni jáde ní 2009 lórí ọ̀rinrin àti bíbu inú ilé, ó sì so wọ́n mọ́ ikọ́ fée àti àrùn èémí mìíràn. Ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní oṣù kejìlá ọdún 2020 nítorí bíbu ilé tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà nínú òfin ilé ìjọba tí wọ́n ṣe ní 2023. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọmọ tí ó bá ń wúkọ́ ní gbogbo òru, àgbo ni a ó kọ́kọ́ wá fún un. Ó yẹ kí ẹnìkan wo ẹ̀yìn ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ ó bi mí pé kí ni kí onílé wá ṣe. Omi ni kí ó kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ooru. Kí ó gbẹ́ ojú àgbàrá kúrò ní ìdí ilé, kí ó fa etí òrùlé gùn, kí ó sì wo páìpù tí ń jò. Bí ògiri amọ̀ bá ni, kí ó ṣí sìmẹ́ǹtì ìdí rẹ̀ kúrò, kí ó fi odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí ó sì fi amọ̀ tàbí ẹfun tí a ti inú òkúta sun rẹ́ ẹ padà. Òkúta Ewékorò kan náà tí ó fún wa ní sìmẹ́ǹtì lè fún wa ní ẹfun náà. Ní ti ooru, òkè ni ó ti ń bọ̀ jù nínú ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Owó tí a fẹ́ fi bo ògiri, kí a fi tún àjà ṣe, kí atẹ́gùn sì máa gba àárín àjà àti páànù kọjá. Bí ó bá di dandan kí a bo ògiri láti inú, kí a fi àyè sílẹ̀ láàárín, kí àyè náà lanu ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè. Ẹní tàbí ọparun tí a là dára fún èyí ju PVC lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àlejò lè máa wò wá bí aláìní.

Àwọn tí ó ti ronú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa kò jìnnà. Fry àti Drew tí wọ́n ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn gbójú lé atẹ́gùn. Ògiri oníhò wọn ṣì wà níbẹ̀. Demas Nwoko, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2023, lo ilẹ̀ pupa wa nínú iṣẹ́ ilé-kíkọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé àti ọ̀nà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ní ibùdó ní Ọ̀tà, kò jìnnà sí Ifọ̀. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí ń tẹ búlọ́ọ̀kù láti inú ilẹ̀ pupa pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀.

Ohun tí ó wọ́n ni ọwọ́ tí yóò ṣe é. Kò sí àdúgbò kan ní Ifọ̀ tí n kò ti lè rí àpò sìmẹ́ǹtì rà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí mo wá ẹni tí ó lè po amọ̀ kí ó sì rẹ́ ògiri ilé wa padà, àwọn méjì ni wọ́n júwe fún mi ní gbogbo abúlé tí ó yí wa ká. Èyí àbúrò nínú wọn ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ní òun yóò wá ṣe é nígbà tí ọyẹ́ bá dé, bí mo bá lè rí ọmọkùnrin mẹ́rin tí yóò gun amọ̀.